Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Afẹ́fẹ́ Ẹlẹ́gbin, Àjàkálẹ̀-Àrùn àti Ìbéèrè fún Ìtọ́jú ní Ìlú Èkó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìbáṣepọ̀ tó wà láàrin afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin, ìlera gbogbo ènìyàn àti bí ìbéèrè fún ìtọ́jú ṣe ń pọ̀ sí i lásìkò àjàkálẹ̀-àrùn. Ó yẹ ẹ̀rí wò láti inú àjàkálẹ̀-àrùn mẹ́ta: ìnfulúẹ́ńsà ọdún 1918, SARS ọdún 2003 àti COVID-19. Lẹ́yìn èyí ni ó darí àlàyé sí ìlú Èkó, níbi tí ìbéèrè fún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti ròkè lálá ní oṣù kìíní ọdún 2021. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin kọ́ ló ń bí àjàkálẹ̀-àrùn, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó ń pinnu iye àwọn tí àrùn yóò dá dùbúlẹ̀ àti iye àwọn tí ilé ìwòsàn yóò rí ààyè gbà. Nítorí náà, títún afẹ́fẹ́ ìlú ṣe jẹ́ ara ìmúrasílẹ̀ ilé ìwòsàn.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lásìkò àjàkálẹ̀-àrùn, ọ̀rọ̀ aláǹgbá ló máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan: ibi tí àrùn ti wá, bí ó ṣe ń ràn, oògùn tó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bèèrè nípa ògiri, ìyẹn ara tí àrùn náà bá nílẹ̀, àti ohun tó ti ń là á lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí àrùn tó dé. Nínú àwọn ohun tó ń la ògiri yìí lẹ́nu, afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin wà ní ipò iwájú. Ènìyàn lè yan oúnjẹ tí yóò jẹ, ó lè se omi kó tó mu ún, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá wà ládùúgbò ni yóò mí sínú.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn COVID-19 ti wọ Nàìjíríà, lára ọkùnrin ará Ítálì kan tó ti Milan wá sí Èkó. Milan fúnra rẹ̀ wà ní àfonífojì odò Po, ọ̀kan lára àwọn agbègbè tí afẹ́fẹ́ wọn dọ̀tí jù ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, níbi tí ilé ìwòsàn ti kún àkúnya láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún náà. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè bóyá afẹ́fẹ́ agbègbè yẹn ní ọwọ́ nínú bí àrùn náà ṣe le tó níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀, ìbòmú àti jíjìnnà síra ẹni gbalẹ̀ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí àwọn ènìyàn Èkó ti ń mí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àrùn tó dé kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Àlàfo yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dí.

2. Ohun tí à ń pè ní afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń da afẹ́fẹ́ rú. Èéfín yàtọ̀ sí eruku. Eruku yàtọ̀ sí kùrukùru. Ọyẹ́ sì ní ìgbà tirẹ̀, pẹ̀lú òtútù òwúrọ̀, ètè tó ń bẹ́ àti eruku tó bo ewé. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ohun kan tó pa wọ́n pọ̀: ohun tí ojú rí tàbí tí imú gbọ́ òórùn rẹ̀ ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Orí èyí ni òwe tó sọ pé èéfín ni ìwà dúró lé, pé kò ṣe é bò mọ́ inú aṣọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ìmọ̀ ìlera fi hàn pé èyí tó léwu jù nínú èéfín ni èyí tó bò mọ́ ojú lọ́wọ́.

Èyí ni àwọn èérún bíńtín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5. Nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ náà ń tọ́ka sí ìwọ̀n wọn: fífẹ̀ èérún kọ̀ọ̀kan kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n. Nítorí kíkéré rẹ̀, irun imú kò lè dá a dúró, ikọ́ kò sì lè tètè lé e jáde. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ a sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Inú iná ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde: iná inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, inú jẹnẹrétọ̀, inú ilé iṣẹ́, lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ àti lórí ààtàn. Àwọn gáàsì bíi nitrogen dioxide àti sulphur dioxide máa ń bá a rìn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ṣe òṣùwọ̀n fún èérún yìí. Ní ọdún 2005, àjọ náà sọ pé kò yẹ kí àròpín rẹ̀ láàrin ọdún kan ju 10 µg/m³ lọ. Nígbà tí ẹ̀rí tuntun pọ̀ sí i, ó dín in kù sí 5 µg/m³ ní ọdún 2021. Ohun tí òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n ni iye èérún tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan kan. Àjọ yìí kan náà ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù méje ènìyàn ni afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin inú ilé àti ti ìta ń pa láìtọ́jọ́ lọ́dọọdún ní gbogbo àgbáyé. Iye yìí kò dúró de àjàkálẹ̀-àrùn kankan.

3. Bí èérún ṣe ń la ògiri lẹ́nu

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà èémí ènìyàn. Èkíní ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun, tí wọ́n ń gbá ìdọ̀tí padà sókè kí ènìyàn lè hú u jáde. Èkejì ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú ọ̀nà náà, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fara mọ́ra gẹ́gẹ́ bí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò. Ẹ̀kẹta ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n ń gbé kòkòrò àrùn mì kí ó tó ráyè bí síbẹ̀.

Èérún bíńtín ń ba ẹ̀ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Ó ń sọ irun wẹ́wẹ́ di aláìlágbára, ìgbálẹ̀ ara kò sì gbálẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Ó ń mú kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà wú, kí ó sì sán. Bákan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n gbé kòkòrò mì máa ń gbé èérún mì títí yóò fi sú wọn. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wá dé, ọwọ́ wọn ti dí. Àwọn onímọ̀ kan tún dábàá pé èérún lè mú kí ACE2 pọ̀ sí i lójú ọ̀nà èémí, ìyẹn ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì COVID-19 ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Àbá ni èyí ṣì jẹ́. Ẹ̀rí rẹ̀ kò le tó ti àwọn ìṣáájú.

Ọ̀nà kejì tún wà, tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ń mí èéfín fún ọdún pípẹ́ wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, rọpá-rọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Àwọn àìsàn wọ̀nyí gan-an ni àwọn dókítà rí lára ọ̀pọ̀ àwọn tí COVID-19 kọlù gidi. Nípa bẹ́ẹ̀, bí èéfín kò tilẹ̀ sí nínú yàrá lọ́jọ́ tí àrùn dé, iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn ti wà nínú ara.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí ilé. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí pín aboyún 324 tó ń fi kẹrosíìnì tàbí igi dáná sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ẹtánọ́ọ̀lù, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Apá kejì ń bá ìdáná wọn lọ bí ó ti wà. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé, ní àyẹ̀wò ìkẹyìn kí wọ́n tó bímọ, ìdá 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo sítóòfù ẹtánọ́ọ̀lù ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Láàrin àwọn yòókù, iye náà jẹ́ 6.4. Pàtàkì ìwádìí yìí ni pé ìbò ni wọ́n fi yan ẹni tí yóò lo èyí àti ẹni tí yóò lo tọ̀hún, kì í ṣe owó tàbí ìfẹ́ ọkàn ẹnikẹ́ni. Ó fi hàn pé ohun tó wà lábẹ́ ìkòkò lè yí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan padà láàrin oṣù díẹ̀ péré.

4. Ẹ̀rí láti inú àjàkálẹ̀-àrùn mẹ́ta

Àjàkálẹ̀-àrùn àkọ́kọ́ tó yẹ ká mẹ́nu bà ni ìnfulúẹ́ńsà ọdún 1918, èyí tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé èbúté Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Èkó kò ní àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ìlú Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tí ń jó èédú ilẹ̀. Karen Clay, Joshua Lewis àti Edson Severnini lo àkọsílẹ̀ yìí fún 180 ìlú, wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2018. Wọ́n rí i pé ikú pọ̀ jù ní àwọn ìlú tó ń jó èédú púpọ̀ nígbà àjàkálẹ̀-àrùn náà, àfikún ikú tí wọ́n ṣírò sì tó ẹgbẹẹgbàárùn-ún lọ́nà mélòó kan. Àrùn kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ló yàtọ̀.

Èkejì ni SARS, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáínà ní ìparí ọdún 2002. Ní ọdún 2003, Yan Cui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi agbègbè márùn-ún tí àrùn náà ti ṣọṣẹ́ wé ara wọn. Ẹni tó kó àrùn náà ní agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dọ̀tí gidi fi ìlọ́po méjì súnmọ́ ikú ju ẹni tó kó o ní agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ. Ní agbègbè tó wà láàrin méjèèjì, àfikún ewu náà jẹ́ ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀kẹta ni COVID-19. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Xiao Wu, Rachel Nethery, Francesca Dominici àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Harvard gbé iṣẹ́ kan síta tó wo ohun tó lé ní 3,000 ìjọba ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé, bí PM2.5 ọlọ́dún pípẹ́ bá fi 1 µg/m³ pọ̀ sí i, ikú COVID-19 máa ń fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ṣe àtúnṣe, wọ́n sì dín in kù sí 8. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science Advances ní oṣù kọkànlá, iye tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 11.

Ìyípadà yìí kì í ṣe àbùkù. Ohun tó ń kọ́ ni ni bí ó ṣe yẹ kí a ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Agbègbè ni àwọn iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń wọ̀n. Wọn kò wọn ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Agbègbè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dọ̀tí sábà máa ń jẹ́ ibi tí àwọn tálákà pọ̀ sí, tí ilé há, tí ilé ìwòsàn kò pé. Àwọn olùwádìí máa ń gbìyànjú láti yọ ipa nǹkan wọ̀nyí kúrò, ṣùgbọ́n yíyọ náà kì í tán pátápátá. Àwọn olùkọ iṣẹ́ Harvard náà fi ọ̀rọ̀ agbára àti ìkùdíẹ̀-káàtó ọ̀nà ìwádìí wọn sínú àkọlé iṣẹ́ náà. Ohun tó fún ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ ni pé àjàkálẹ̀-àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ọ̀rúndún méjì, ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ń tọ́ka sí ibì kan náà, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ nípa ẹ̀ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró náà ń tọ́ka sí.

5. Ògiri Èkó kí àrùn tó dé

Kí ni ipò afẹ́fẹ́ Èkó kí COVID-19 tó dé? Ìròyìn kan láti ọwọ́ Báńkì Àgbáyé dáhùn ìbéèrè yìí. Ó sọ pé PM2.5 ní Èkó tó 68 µg/m³, ìyẹn ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje òṣùwọ̀n WHO ìgbà náà, tó sì ju ìlọ́po mẹ́tàlá òṣùwọ̀n ti òní lọ. Ó ṣírò pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin ìta pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní Èkó, àti pé àdánù tó bá a rìn tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Orísun tí ìròyìn náà kà jù lọ mẹ́ta ni ọkọ̀ ojú títì, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀. Kò sí ará Èkó tí èyí yóò yà lẹ́nu. Dánfó àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó ń tú èéfín dúdú sójú ẹni tó dúró ní ibùdókọ̀. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, ìró jẹnẹrétọ̀ a gba àdúgbò kan, ẹnu páìpù èéfín ẹnìkan a sì kọjú sí fèrèsé ẹlòmíràn. A gbọ́dọ̀ fi ààtàn kún un: ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná ràn ní ààtàn Olúṣòsùn ní Ọ̀jọ́ta, èéfín rẹ̀ sì bo àwọn àdúgbò tó yí i ká. Ní ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọyẹ́ wà, tí ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá láti apá Chad láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kejì.

Àwọn nọ́ńbà yìí fi ohun kan hàn tí ó rọrùn láti gbójú fò. COVID-19 sábà máa ń le fún àgbàlagbà. Afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin Èkó ń pa ọmọdé jù, òtútù àyà sì wà lára ọ̀nà tó ń gbà pa wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí àwọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá jà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń wá nílé ìwòsàn. Ọmọ ọdún kan tí òtútù àyà dì mú nílò ọ́síjìn gẹ́gẹ́ bí bàbá àgbà tí COVID-19 ń fún ní àyà.

6. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè fún ìtọ́jú

Ọ̀nà mẹ́rin ni afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin ń gbà yí ìbéèrè fún ìtọ́jú padà nígbà àjàkálẹ̀-àrùn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni bí àìsàn ṣe ń le sí i. Kì í ṣe iye àwọn tó kó àrùn ló ń kún ilé ìwòsàn, bí kò ṣe iye àwọn tó ṣàìsàn débi tí ilé kò lè gbà wọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi àpèjúwe lásán ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní 1,000 ènìyàn kó àrùn kan, tí 50 nínú wọn nílò ibùsùn. Bí èéfín tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀ bá sọ 50 di 60, àfikún náà dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí ibùsùn tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ 50 péré, ènìyàn mẹ́wàá ni kò ní ibi tí a óò tẹ́ wọn sí. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú bí àìsàn ṣe le fi lè di ìyàtọ̀ ńlá nínú iye ikú.

Ọ̀nà kejì ni pé ibùsùn kì í ṣófo kí àrùn tuntun tó dé. Àwọn tó ní ikọ́ fée, rọpá-rọsẹ̀, àrùn ọkàn àti òtútù àyà ti wà lórí wọn. Ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dọ̀tí ń wọ inú àjàkálẹ̀-àrùn pẹ̀lú ilé ìwòsàn tó ti kún dé ìdajì ọ̀nà.

Ọ̀nà kẹta ni pé àmì àìsàn jọ ara wọn. Ikọ́ ọyẹ́, ikọ́ èéfín àti ikọ́ COVID-19 kò yàtọ̀ létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ní àkókò tí ohun èlò àyẹ̀wò kò pọ̀, ikọ́ kọ̀ọ̀kan gba àkókò dókítà àti nọ́ọ̀sì, ó sì gba aṣọ ìdáàbòbò tí wọn yóò wọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Ọ̀nà kẹrin ni ìbẹ̀rù. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó lọ gba oògùn a jókòó sílé, yálà nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí ó má baà kó àrùn níbẹ̀, tàbí nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà pè é ní aláàrùn. Ìbéèrè fún ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò parẹ́. Ṣe ló sún síwájú. Lọ́jọ́ tí yóò fi dé ilé ìwòsàn, ìtọ́jú tó fi kóró oògùn bẹ̀rẹ̀ ti di ti ọ́síjìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó nígbà ìgbì kejì COVID-19 fi bí ẹrù yìí ṣe ń wúwo hàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde pé ìbéèrè fún ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn Mainland ní Yábàá ti kúrò ní sìlíńdà olítà mẹ́fà 70 lójúmọ́, ó ti di 350. Ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó di 750 kí oṣù náà tó parí. Àárín ìgbà ọyẹ́ ni èyí bọ́ sí, nígbà tí eruku aṣálẹ̀ àti èéfín ìlú jọ wà lójú ọ̀run. Kò tọ́ kí a sọ pé ọyẹ́ ló fa ìgbì náà. Ìrìn-àjò àti ayẹyẹ Kérésìmesì, òfin tó ti dẹ̀ àti irú fáírọ́ọ̀sì tuntun wà lára ohun tó lè fà á. Ohun tí a lè sọ ni pé ìgbà tí ìlú nílò ọ́síjìn jù lọ bọ́ sí ìgbà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń burú jù lọ láàrin ọdún, àti pé ìgbà yìí kì í yẹ̀: ẹni tó ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ mọ ọjọ́ tí ọyẹ́ yóò dé.

Kónílé-ó-gbélé náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Káàkiri àgbáyé, àwọn sátẹ́láìtì rí i pé nitrogen dioxide dín kù lójú ọ̀run àwọn ìlú ńlá nígbà tí ọkọ̀ kúrò lójú títì ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kì í wo inú ilé ìdáná. Ìdílé tó ń gbé yàrá kan, tí ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ilé ìdáná gbogbo ayálégbé, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, kò rí ìsinmi èéfín nípa dídúró sílé. Àṣẹ tó dín èéfín títì kù fún ẹni tó ní gáàsì ìdáná lè fi kún èéfín tí ẹni tó ń lo èédú ń mí, nítorí wákàtí tó ń lò nítòsí rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

7. Ohun tó tẹ̀lé e

Nígbà tí ìṣòro ọ́síjìn le ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu bílíọ̀nù 6.45 náírà láti kọ́ ilé iṣẹ́ ọ́síjìn sí ibi 38 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ohun tó yẹ ni. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣe ọ́síjìn kì í ṣiṣẹ́ láìsí mọ̀nàmọ́ná, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù láti gbé e dúró. Ilé ìwòsàn tó ń jó dísù láti pèsè ọ́síjìn ń tú èéfín sí àgbàlá kan náà tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ti ń mí. Bí a bá ní kí agbára oòrùn ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ nìkan. Yóò tún dín owó dísù kù, èyí tí ilé ìwòsàn kò lè rí rà nígbà gbogbo.

Ohun kejì ni wíwọ̀n. Ohun tí a kò wọ̀n, a kò lè bójú tó o. Bí ẹ̀rọ tí ń wọn PM2.5 bá wà ní àdúgbò, tí àwọn ilé ìwòsàn sì ń rí àbájáde rẹ̀ lójoojúmọ́, wọn yóò lè mọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kó ọ́síjìn pamọ́, kí wọ́n sì fi kún iye nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọmọdé.

Ohun kẹta ni epo àti ìdáná. Ní ọdún 2020, àjọ ECOWAS fẹnu kò lórí òfin tó dín sulphur inú epo ọkọ̀ kù. Mímú irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣẹ yóò ṣe àǹfààní fún ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ará ìlú, yálà àjàkálẹ̀-àrùn wà tàbí kò sí. Ìwádìí Ìbàdàn sì ti fi hàn pé ìdáná tí kì í rú èéfín jẹ́ ìtọ́jú ìlera gan-an, ó sì yẹ kí ètò ìlera àwọn aboyún kà á sí bẹ́ẹ̀.

Ohun kẹrin kan èdè. Lásìkò COVID-19, àwọn oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìlera rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe: ìbòmú, ìyàsọ́tọ̀, kónílé-ó-gbélé, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ ọjà, wọ ilé ìjọsìn, wọ inú orin. Èérún tí ojú kò rí kò tíì ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ará ìlú, ó sì ṣòro láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ewu tí kò lórúkọ. Èérún bíńtín tí iṣẹ́ yìí lò jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó lè bọ́ sí ipò yẹn. Àwọn onímọ̀ èdè lè rí èyí tó dára jù ú lọ. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí ìyá tó ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò lè gbọ́ orúkọ ohun tó ń wọ àyà ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

8. Ìkádìí

Àlàyé inú iṣẹ́ yìí kò sọ pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin ló bí COVID-19, tàbí pé ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ kò ní rí àjàkálẹ̀-àrùn. Fáírọ́ọ̀sì ń ràn níbi gbogbo tí ènìyàn bá wà. Ohun tó sọ ni pé àrùn kan náà kì í bá ara kan náà níbi gbogbo. Ìnfulúẹ́ńsà ọdún 1918, SARS àti COVID-19 ti fi hàn pé níbi tí èéfín bá ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀, ikú máa ń pọ̀ sí i. Ní Èkó, èéfín ti ń ṣiṣẹ́ náà lára ọmọdé àti àgbà kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2020, ó sì ń ṣe é lọ lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti yọ ìbòmú.

Àìtètèmólè ló ń sọ olóko di olè. Àjàkálẹ̀-àrùn mìíràn yóò wá. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ irú aláǹgbá tí yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri wà lójúde gbogbo ènìyàn, a sì mọ ohun tó ń là á lẹ́nu. Ìlú tó bá fẹ́ kí sìlíńdà ọ́síjìn tó tó àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ní láti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́ ògiri náà nísinsìnyí, láti ibùdókọ̀, láti ààtàn, láti ẹ̀yìn fèrèsé àti láti ilé ìdáná.